Òwú Já, A Tún Un So

Bismillahir-Rahmanir-Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó tún dá ẹ̀mí wa sí di oṣù Ràmàdáánì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.    Ẹni tó bá ń bó ẹ̀wà àkàrà lọ́wọ́, kó máa bó o lọ, etí nìkan la fẹ́ yá.

Ní alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tá a kírun àṣámù tán, ọmọdébìnrin kan fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní ìyá òun ní kóun fún Ààfáà. Ìyá náà ò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, èmi náà ò sì bi ọmọ léèrè. Ohun tó kọ ni pé lọ́dún kejì sẹ́yìn, dókítà sọ fún òun pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, pé orúnkún tó ń dun òun náà ò ṣẹ̀yìn bóun ṣe sanra, kóun wá nǹkan ṣe sí i. Ó gbìyànjú. Ó jáwọ́ nínú mínírà, ó dín ẹ̀bà alẹ́ kù, ó ń fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀, ó sì fi kílò mẹ́sàn-án fúyẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wọ̀n ọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ kú. Ó wọ ìjókòó opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹbí ń gbé abọ́ wá, ọ̀rẹ́ ń gbé abọ́ wá, ìbànújẹ́ ò sì jẹ́ kó sùn lóru. Kó tó jáde opó, kílò mẹ́sàn-án yẹn ti padà, ó tiẹ̀ tún mú méjì mọ́ra. Láti ọjọ́ náà, ojú ń tì í láti padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó pàtẹ́wọ́ fún un. Oṣù méje rèé tí kò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, oògùn tó ń lò sì ti tán nílé. Ó wá fi ìbéèrè kan parí ìwé náà: "Ààfáà, ṣé kí n gbà pé kádàrá mi ni?"

Ìwé yẹn ò jẹ́ kí n sùn títí àsìkò sàárì fi dé. Ká ní òun nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò bá wá ọ̀nà dá a lóhùn ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ń gbé àárín yín. Láti Jankara dé Ìdúmàgbò, láti Òkè Àrìn dé Ìsàlẹ̀ Gàǹgàn, mo mọ̀ pé wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ikùn tí ẹ gbé síwájú yẹn, ẹ̀yin náà ti búra lórí rẹ̀ nígbà mélòó?

Àwọn kan á ní, "Ààfáà, ẹ wàásù iná àti àlùjánnà fún wa, ẹ fi oúnjẹ wa sílẹ̀." Oúnjẹ náà wà nínú Kùránì Alápọ̀nlé. Nínú Súrátul-Á'ráàf, ẹsẹ 31, Ọlọ́hun yọ̀ǹda ká jẹ ká mu, Ó sì kọ àṣejù fún wa. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ Miqdam ọmọ Ma'dikarib, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pín ikùn sí mẹ́ta fún ẹni tí kò lè fi òkèlè díẹ̀ mọ: ìdá kan fún oúnjẹ, ìdá kan fún omi, ìdá kan fún èémí. Ẹ wo ìdá kẹta yẹn dáadáa. Ẹni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì mọ ohun tí Ànábì ń sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìran wa gan-an. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ìlera, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Osotimehin ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: àwọn tó wà nílé níbí, àwọn tó wà ní erékùṣù Karibíánì, àti àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé níbí, 26 ní Karibíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni wọ́n o. Bí ara ṣe ń wúwo sí i láti ibì kan dé ibòmíràn ni ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń pọ̀ sí i. Ní tèmi, ẹni tó bá jókòó nídìí ọjà láti àárọ̀ di alẹ́ ní Èkó lónìí, tó ń mu mínírà, tó ń gun ọ̀kadà débi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Amẹ́ríkà mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ìbéèrè ìyá wa. Ìyá mi, a gba kádàrá gbọ́, nínú òpó ìgbàgbọ́ wa ló wà. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ò tíì rí òpin rẹ̀, a kì í pè é ní kádàrá ká wá káwọ́ gbera. Ikú ọkọ yín, kádàrá nìyẹn, Ọlọ́hun á fọ̀rún kẹ́ wọn. Kílíníìkì tí ẹ ò lọ, ẹsẹ̀ yín ni kò gbé yín lọ.

Àwẹ̀ tá à ń gbà yìí gan-an ló fẹ́ dá yín lóhùn. Ẹni tó bá gbàgbé, tó jẹun tàbí tó mu omi nígbà tó ń gbààwẹ̀, kí ni Ànábì ní kó ṣe? Ó wà nínú Bukhari àti Muslim láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra: kó máa bá àwẹ̀ rẹ̀ lọ, Ọlọ́hun ló fún un ní jíjẹ àti mímu. Ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó wà lórí ìrìn àjò ńkọ́? Súrátul-Bákárà, ẹsẹ 184 àti 185: kó san án padà ní ọjọ́ mìíràn, Ọlọ́hun fẹ́ ìrọ̀rùn fún wa. Ẹni tó wá mọ̀ọ́mọ̀ jẹun lọ́sàn-án gangan láìní ìdí ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ tẹ́tí o, púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ sọ pé kó kó ẹnu rẹ̀ ró ní ìyókù ọjọ́ náà, kó tùúbá, kó sì san án. Kò sí ààfáà tó máa sọ fún un pé, "Níwọ̀n ìgbà tó o ti jẹ àkàrà kan ní agogo mẹ́wàá, máa jẹ lọ di Màgàríbì. Níwọ̀n ìgbà tó o sì ti ba ọjọ́ kan jẹ́, fi ogún ọjọ́ tó kù sílẹ̀, ó di Ràmàdáánì ọdún tó ń bọ̀." Ẹni bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó lé e kúrò lórí mínbárì.

Ohun tá ò lè gbà lọ́wọ́ ààfáà yìí, òun là ń sọ fún ara wa lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ lójoojúmọ́. Èèyàn á ṣe dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó máa débi ìkómọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó máa jẹ abọ́ ìrẹsì méjì pẹ̀lú ẹran díndín. Lọ́jọ́ kejì ó gun òṣùwọ̀n, ó rí i pé òun ti fi kílò méjì wúwo, ó ní, "Ó ti bàjẹ́." Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀bà alẹ́ padà, mínírà padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Kílò méjì yẹn kì í ṣe ọ̀rá. Kí ara tó fi kílò kan ọ̀rá kún ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 7,700 tí èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ lórí èyí tí ara rẹ̀ ń lò. Abọ́ ìrẹsì méjì ò sún mọ́ iye yẹn rárá. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iyọ̀ àti oúnjẹ oníṣítáàṣì máa ń fa omi dúró sínú ara, tí èèyàn bá sì padà sí bó ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, omi náà á lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìnáwó ọjọ́ kan yẹn ò lè sọ èèyàn padà sí bó ṣe wà. Ogójì ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ "ó ti bàjẹ́" ló ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí àwọn ìyá yín bá wọn ta aṣọ ní ọjà Jankara nígbà ayé àdìrẹ ṣì gbóná níbẹ̀, òwú ò ṣàjèjì sí yín. Nínú Súrátun-Nahl, ẹsẹ 92, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣe bí obìnrin tó ran òwú rẹ̀ tó yi dáadáa, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u palẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ májẹ̀mú ni ẹsẹ náà ń sọ, mi ò fẹ́ fà á kọjá ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ kan níbẹ̀. Obìnrin yẹn ló tú òwú fúnra rẹ̀. Òwú tó já ní tiẹ̀, ó yàtọ̀. Gbogbo ahunṣọ ni òwú ń já mọ́ lọ́wọ́. Bó bá já, á dúró, á so ó, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ti rí ahunṣọ òfì tí òwú kan já mọ́ lọ́wọ́ tó wá dáná sun aṣọ rí? Ikú ọkọ já òwú ìyá wa. Kò tú u. Ìjókòó opó tó ṣe, àṣẹ Ọlọ́hun ló tẹ̀ lé, ó wà nínú Súrátul-Bákárà, ẹsẹ 234.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ níbí yìí fún ẹ̀yin opó, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ìjókòó opó kò sọ pé kí opó má lọ rí dókítà. Ohun tó bá pọndandan, àwọn onímọ̀ gbà á láyè kó jáde fún un. Ẹ̀yin ẹbí ọkọ tí ẹ ń dí wọn lọ́nà, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé oúnjẹ lọ kí opó, ẹ ṣé o, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere. Ẹ gbé ẹ̀fọ́ àti ẹja náà lọ nígbà mìíràn. Kì í ṣe búrẹ́dì àti mínírà nìkan ni wọ́n fi ń kí ọlọ́fọ̀ọ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọn ò lọ síbi ìnáwó, tí ẹnikẹ́ni ò kú fún wọn, síbẹ̀ tí ara ń padà. Wọ́n máa ń rò pé ọ̀lẹ ni àwọn. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọlọ́hun dá ara èèyàn bí ilé tó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ de ìyàn. Tó bá rí i pé ìpamọ́ ń dín kù, á ké. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Melbourne, ní Ọsirélíà, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àádọ́ta èèyàn tí wọ́n dín sísanra wọn kù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn odindi ọdún kan, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa ebi ṣì ga ju bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ebi ṣì ń pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ báyìí, semaglutide, ohun kan náà ló fi hàn: nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2022, àwọn tó ti fúyẹ́ gan-an lórí abẹ́rẹ́ náà dá a dúró, láàárín ọdún kan ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ohun tí wọ́n ti dín kù ló padà sí wọn lára. Nítorí náà, ebi tó ń pa yín kì í ṣe àmì pé ìgbàgbọ́ yín ò lágbára. Ara ń ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́hun yàn fún un ni. Tiwa ni láti ní súúrù fún un, bí èèyàn ṣe ń ní súúrù fún ọmọ tó ń sunkún.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 3,200 jọ, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn fúyẹ́, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹni tó wọn 100 kílò, kílò méje péré nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, àtọ̀gbẹ ti fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn sí àwọn tí wọ́n kàn fún ní ìmọ̀ràn ṣókí àti oògùn tí kò ní èròjà kankan nínú. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, púpọ̀ nínú wọn tún sanra padà díẹ̀díẹ̀, bí ìyá wa. Ní 2009, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n tún wò wọ́n: àtọ̀gbẹ ṣì fi ìdá 34 dín kù láàárín wọn. Ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́? Làálàá ọdún yẹn kò ṣègbé. Bí ara tiẹ̀ padà, oore tí ẹ ti ṣe fún un ò tán síbẹ̀.

Báwo ni ká ṣe wá ṣe é nínú oṣù yìí? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Ìsàlẹ̀ Èkó ò rọrùn láti gbààwẹ̀ kí èèyàn má sanra. Tí ìrun Àlàásárì bá ti parí, epo ti ń hó lójú pópó. Àkàrà lọ́tùn-ún, mọ́sà lósì, dòdò níwájú. A óò fi ògì oníṣúgà àti mílíìkì ṣínu, a óò jẹ àkàrà mẹ́fà lé e, a óò kírun, a óò dé láti àṣámù, àmàlà á tún ti dúró dè wá, ní sàárì ẹ̀bà tún ni. Èèyàn á wá ní, "Mo gbààwẹ̀, ọ̀nà wo ni mo gbà sanra?" Ọ̀nà tó gbà wọlé nìyẹn.

Dàbínù mẹ́ta àti omi, ẹ kọ́kọ́ fi ṣínu, kí ẹ sì lọ kírun Màgàríbì yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn máa pa ìwàǹwara ebi. Kí ẹ tó wá jókòó ti abọ́, ikùn ti gbọ́ pé oúnjẹ ń bọ̀. Ẹ jẹ àkàrà yín, mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ka iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ fi ṣúgà inú ògì dín kù síbí kan lọ́sẹ̀ yìí, síbí kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ ni kó pọ̀ ní sàárì, wọ́n ń pẹ́ nínú ju ẹ̀bà lásán lọ. Ẹ má sì fo sàárì nítorí pé ẹ fẹ́ fọn, súnnà ni, ẹni tó bá fò ó á fi ìbínú ṣínu. Tí ẹsẹ̀ yín bá gbé e, ẹ fẹsẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí tó jìnnà díẹ̀ fún àṣámù. Lẹ́yìn Àsùbáà, kí àwọn ọlọ́jà tó tẹ́ àtẹ, òpópónà Adeniji Adele máa ń ṣófo tó láti rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ má sì jẹ́ kí òṣùwọ̀n Ràmàdáánì tàn yín. Àwọn tó ti kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ lórí rẹ̀ rí i pé ohun tí èèyàn máa ń dín kù nínú oṣù àwẹ̀ lé díẹ̀ ní kílò kan, púpọ̀ rẹ̀ sì máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìtúnu. Nítorí náà, ẹ yan ohun kékeré kan tí ẹ ó lè bá wọ oṣù Ṣàwáàlì. Ìyáwa Aisha gbà á wá pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a bá dúró tì, bó tilẹ̀ kéré. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim.

Ẹnu ayé náà ń já òwú. Ní Èkó, tí wọ́n bá rí ẹ tó o sanra, wọ́n á ní, "Ara tù ẹ́ o, o ti rí tajé ṣe!" Tó o bá fọn díẹ̀, "Ṣé kò sí o? Ṣé oko ò ṣe dáadáa? Àbí àìsàn ni?" Mo mọ arábìnrin kan tó padà sídìí ìrẹsì alẹ́ nítorí pé àwọn ìyàwó ilé ń sọ pé ọkọ rẹ̀ kì í bọ́ ọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹnu yẹn. Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ilé yí padà fún gbogbo ilé, kí ó má jẹ́ pé ìyá ń jẹ ẹ̀fọ́ ní kọ̀rọ̀ tí bàbá ń gé iyán lójú rẹ̀.

Nípa àgbo ìfọn àti tíì tó ń fọ inú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó ń mú èèyàn yàgbẹ́, omi ló ń bá a lọ, òṣùwọ̀n á wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rá á wà níbi tó wà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kó má fọwọ́ kàn án láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa àwẹ̀ yìí, kó tún àsìkò oògùn tò fún yín láàárín ìṣínu àti sàárì. Bó bá ní kí ẹ má gbà á, ẹ má gbà á. Ọlọ́hun tó ní ká gbààwẹ̀ náà ló yọ aláìsàn sílẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín torí pé ara yá.

Ìyá wa tó kọ̀wé, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Oṣù méje ti pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì yẹn ti rí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ara wọn padà, ẹ ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹ fi káàdì yín sínú báàgì lálẹ́ òní lẹ́yìn àṣámù, kí ẹ má baà wá a tì láàárọ̀. Tójú bá ń tì yín láti dá lọ, ẹ rán ọmọ yẹn sí mi padà, àwọn arábìnrin ẹgbẹ́ wa méjì máa tẹ̀ lé yín, wọn ò sì ní bi yín léèrè pé kílò mélòó ni.

Àsìkò ìṣínu ti ń sún mọ́. Kí Ọlọ́hun tẹ́ ọkọ ìyá wa sí àlùjánnà, kó fún aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó gba àwẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa. Àmín.